Tíṣà Fẹ̀gbẹ́lélẹ̀

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé wá fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi lé mi kúrò, ilẹ̀ ló bá Tíṣà wa. Wọ́n nà gbalaja. Wọ́n ń gbọ̀n.

"Ṣíbí! Ẹ bá mi wá ṣíbí!" Alábẹ̀wò ti ń fipá ya ẹnu Tíṣà.

"Ẹ má fi nǹkan kan sí wọn lẹ́nu o!" Gbogbo kíláàsì ló pariwo. Àwọn kan wọ́ bẹ́ǹṣì kúrò nítòsí. Ẹnì kan ká súwẹ́tà sábẹ́ orí wọn. Ẹnì kan ń wo aago, ó ń ka ìṣẹ́jú sókè. Èmi àti àwọn mẹ́ta yí wọn sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n wúwo.

Tíṣà la ojú kan. "Kíláàsì, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Alábẹ̀wò, ẹ má bínú, sà. Òdo."

Fẹ̀gbẹ́lélẹ̀ la sọ wọ́n. Wárápá ló ń ṣe mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé mi ní kíláàsì, ojú fèrèsé làwọn ọmọ gbà sá jáde. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Tíṣà ń ṣubú, ká lè mọ ohun tá a máa ṣe. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ká sáré pe nọ́ọ̀sì. Àgbàlagbà oníkùn! Ẹ̀gbẹ́ òsì ṣòkòtò wọn ni eruku máa ń wà. Ti ọ̀tún mọ́ bíi ti ọkọ ìyàwó.

Ojú tún ń tì mí láti lo oògùn ọ̀sán lójú àwọn yòókù. Tíṣà gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lu agogo. "Ó tó àkókò oògùn wa." Mo gbé tèmi mì. Wọ́n ju súwíìtì kan sẹ́nu, wọ́n fi omi tì í, wọ́n fajú ro. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kan ń sunkún.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi náà ń fẹ́ àìsàn."

"Àìsàn ariwo ti wà lára ẹ tẹ́lẹ̀. Ó yá, mu omi."

Alábẹ̀wò ọjọ́sí ò tètè gbà. Ó di ìwé ẹ̀ mú. "Ọmọ yìí máa dá àwọn tó kù dúró."

"Ta lẹ rí tó dúró, sà? Ṣebí gbogbo wọn ló ń sáré." Tíṣà gbọn eruku. "Ẹ̀gbẹ́ ni ká yí i sí. Ẹ má yọ ọ́ lẹ́gbẹ́."

Alábẹ̀wò ká ìwé náà sápò, kò fọwọ́ sí i. Kó tó lọ, ó ní kí Tíṣà tún ṣubú, òun fẹ́ tún un ṣe. Ó gba méje.

Tíṣà kú lóṣù tó kọjá. Ojú oorun ni. A lọ wò wọ́n kẹ́yìn nínú pósí. Ẹni tó ń fẹ́ àìsàn lọ́jọ́sí ti di awakọ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí:

"Ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ́ wọn sí. Òdo."

Ìyàwó Tíṣà gbọ́. Ẹ̀rù bà wá. Àfi bí Màmá ṣe bú sẹ́rìn-ín, tómi ń bọ́ lójú wọn. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ó ti rẹ èmi tí mò ń fọ ṣòkòtò."

Mi ò kàwé jìnnà. Àmọ́ ìwé mẹ́fà tí mo kà, inú kíláàsì ni mo ti kà á. Ẹ ṣé, sà.

A dúró tì wọ́n, lápá òsì, lápá ọ̀tún. Ẹnikẹ́ni ò gba ojú fèrèsé. Ẹgbẹ́ pé.