Fóòmù Inú Ọ̀rá àti Oorun Ìyá Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bú olówó, Fídítì ló yẹ kí ẹ wà láyé ìgbà yẹn, nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò pọ́n-ùn lọ́wọ́ wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe é, bàbá mi sì ni alága. Tíṣà ni bàbá mi, Ìlọrá ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ dé, tó jẹun tán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé àga wọn wá, èébú á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bú ni ọmọ ìlú wa kan tó dá ilé iṣẹ́ fóòmù sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Baba Onífóòmù là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dàgbà tó ẹni tí à ń pè ní baba. Owó ló sọ ọ́ di baba.

Kí fóòmù tó dé, ẹní ni ọ̀pọ̀ wa ń sùn. Ẹni tó bá rí já jẹ díẹ̀ ló ní bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n rọ koríko gbígbẹ sí nínú, ìdun á sì bá a gbé ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ Baba Onífóòmù kọ́kọ́ já fóòmù sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì, gbogbo wa ló lọ wò ó. Ó nípọn, ó funfun, ó wà nínú ọ̀rá tó ń dán gbinrin, wọ́n sì fi àwọ̀ búlúù tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ náà sára ọ̀rá ọ̀hún káàkiri. Àwa ọmọdé ní búrẹ́dì ni. Àwọn àgbà béèrè iye rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì dákẹ́. Owó ẹyọ kan lè ra ewúrẹ́ tòun tọmọ.

Nígbà tí ohùn wọn padà bọ̀ sípò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n gbé e wá.

"Ṣé wúrà ló wà nínú ẹ̀ ni?" Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ yìí! Ọmọ tó ń gbé àpótí mi tẹ̀ lé mi lọ síléèwé! Bàbá mi sun ẹní títí ó fi darúgbó, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tẹ̀."

Àbúrò bàbá àgbà wà níbẹ̀, arúgbó tí kì í jẹ́ kí irọ́ kọjá lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Èmi ni mo tẹ́ ẹ sínú pósí, mo mọ ìyà tó jẹ mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n télọ̀ àdúgbò wa ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn, ó ní òun gbọ́ ní Awẹ́ pé oorun àwọn tó bá ra fóòmù yẹn ni ọkùnrin náà ń gbà, òun ló fi ń ṣowó. "Ẹ rò ó wò dáadáa," ó ní. "Ta ló ti rí i kó yán rí?" Wọ́n rò ó. Kò sẹ́ni tó rí i kó yán rí. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èmi ń rí wọn ṣá. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àgbà yẹn tí í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà tí kì í yà kí ó fi ìka tẹ fóòmù wò. Ẹnu wọn ń bú u, ojú wọn ń rà á.

Ìyá mi kì í bá wọn dá sí i. Ọsàn ló ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ pàdé àwọn olóko, láti àárọ̀ dalẹ́ sì ni, orí ìdúró ló ń wà, igbá ọsàn lórí, tó ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò. Tó bá wá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ìbàdí á máa ro ó. Á yí síbí, á yí sọ́hùn-ún, á dìde jókòó, á ní òun kàn ń ronú ni. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé oorun ló ń wá.

Lọ́jọ́ tí àjọ kàn án, kò bá ẹnikẹ́ni gbìmọ̀. A kàn rí òun àti ọlọ́mọlanke tí wọ́n ń bọ̀ ni, fóòmù nà gbalaja lórí ọmọlanke.

"Kí lèyí?" Bàbá mi dìde lórí àga.

"Oorun ni," ìyá mi dáhùn. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Bàbá mi la ẹnu, èébú ti wà létè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ti ń tú jáde, obìnrin kan sì ké sí i láti òdìkejì ọ̀nà pé, "Tíṣà, ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin lẹ ra ojúlówó!" Ẹ wá wo bàbá mi! Ó na ọrùn, ó tún agbádá orí ara rẹ̀ ṣe, ó yíjú sí ọlọ́mọlanke. Ó ní, "Rọra gbé e o. Ọ̀rá yẹn ò gbọdọ̀ ya."

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ara ọ̀rá ni orúkọ wà, kò sí lára fóòmù. Ẹni tó bá ya ọ̀rá tiẹ̀, ọjọ́ kejì ni ìlú á máa sọ pé àdàmọ̀dì ló rà. Nítorí náà, kò sí ilé kan ní Fídítì tó bọ́ fóòmù kúrò nínú ọ̀rá. Àwọn ará Ìlọrá tó rà náà ò bọ́ ọ. Ní tiwa, bàbá mi kọ́kọ́ fi í ti ògiri páálọ̀, kí àwọn àlejò lè rí i, ìyá mi sì ń yẹra fún un tó bá ń kọjá bí ẹni ń yẹra fún àna. Nígbà tí wọ́n jàjà gbé e wọ yàrá, bàbá mi ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí orúkọ lè hàn.

Ọ̀rá ò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Kí èèyàn tó pajú dé, òógùn ti bò ó. Tó bá yí, ọ̀rá á han wìràwìrà lábẹ́ rẹ̀. Bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bá sì yọ̀, ilẹ̀ ni èèyàn ń bá ara rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìyá mi ti padà sórí ẹní, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù. Bàbá mi dán an wò, ó jáde síta pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní télọ̀ ò parọ́. Àwọn yòókù tó ti rà á náà jẹ́rìí pé àwọn ò rí oorun sùn. Ẹ̀rí pé, ẹjọ́ parí: olówó yìí ń kó oorun lọ. Kò sẹ́ni tó fura sí ọ̀rá. Ta ló ń fura sí ohun tó fi owó ńlá rà?

Ní ti ìyá mi, gbogbo ohun tó ní ló ti ná sórí oorun, oorun ò sì dé. Mo bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó ń wo fóòmù náà, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Inú bí mi sí Baba Onífóòmù débi pé mo gbàdúrà kí gbogbo táyà mọ́tò rẹ̀ bẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa dé, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága ọjọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bíbú tí a ń bú èèyàn ò ní ká má gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi búra lójú gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun yóò wí fún un lójú ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìsìn parí tí ayọ́kẹ́lẹ́ dúró níwájú ilé wa, Baba Onífóòmù bọ́ sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi.

"Ẹ kú ìkórè o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ dìde, ẹ dìde," bàbá mi wí. "Ẹ kú ìnáwó o. Ọlọ́run á fi kún un." Ẹnu tó ti ń pè é ní "ọmọ yìí" látọjọ́ yìí wá ni o! Télọ̀ ṣí fìlà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu àga fún un.

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, oorun mi ńkọ́?"

"Oorun kẹ̀, ìyá wa?"

"Oorun tí mo rà lọ́wọ́ yín. Kò tíì dé."

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n fi fóòmù han òun, gbogbo wa sì rọ́ tẹ̀ lé e wọ yàrá. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀rá han wìrà. Ó gbé ojú sókè.

"Ta ló ní kí ẹ máa sùn lórí ọ̀rá?"

"Ṣé ká wá yà á ni?" Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, kí eruku má bà á nínú ọkọ̀ la ṣe fi wé e." Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀. "Mi ò lè bá yín wí. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, inú ọ̀rá ni tiẹ̀ ṣì wà. Ó ní bí òun bá yà á, àwọn ọ̀tá òun á ní ọmọ òun ò fún òun ní ojúlówó."

Kó tó sọ ọ́ tán, ìyá mi ti jáde, ó ti padà dé tòun tọ̀bẹ tó fi ń bó ọsàn. "Ṣe sùúrù!" ni bàbá mi ń wí. "Gé ẹ̀yìn rẹ̀, yọ ibi orúkọ sílẹ̀!" Ìyá mi ò gbọ́ tirẹ̀. Ó ti ọ̀bẹ bọ igun kan, ó bó ọ̀rá náà yíká láìdúró, ó wọ́ ọ sílẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí fóòmù. Ó ní òun kàn fẹ́ dán an wò ni. Ó dùbúlẹ̀ tìró ti bùbá, gèlè ìkórè lórí. Baba Onífóòmù ò tíì ka oríṣi fóòmù tó ń ṣe dé ìkẹta fún bàbá mi tí ìyá mi fi ń hanrun.

Iṣu ìkórè wà lórí iná, kò sẹ́ni tó gún un. Olówó fi ọsàn panu, ó bá tirẹ̀ lọ. Mọ́tò rẹ̀ ò tíì yí kọ́nà tí àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ti gbé e lákọ̀tun. Wọ́n ní ṣé ẹ rí olè náà, ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀rá ò wúlò, owó ọ̀rá tó ti gbà lọ́wọ́ wa ńkọ́?

"Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀," bàbá mi wí.

Wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n rò pé mọ́tò ń padà bọ̀.

"Ìyàwó mi ń sùn," ó ní.

Mo wọlé lọ wò ó. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, nítorí mi ò tíì rí ìyá mi lójú oorun rí láyé mi. Tí mo bá sùn, òun ò tíì sùn. Tí mo bá jí, ó ti lọ. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, ó ya ẹnu díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tú pátápátá. Mo dúró tì í pẹ́. Mo wá rí i pé ọmọdé ṣì ni ìyá mi.