Ilé Bàbá Mi Tó Dí Ọ̀nà Odò

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. N kò mọ iye tí wọ́n ń ka ọdún náà sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ó mọ̀ ọ́n: ìgbà tí wọ́n ń ní kí ọmọ na ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí kejì, kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ọwọ́ tèmi ti ń kan etí tipẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló lọ, nítorí èmi ni mo ń pọn ọmọ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Àwọn ọmọ ọmọ mi a máa bi mí bóyá ó dùn mí. Ó dùn mí lẹ́yìn náà. Lọ́dún yẹn, n kò ráyè, ẹrẹ̀ wà láti tẹ̀.

Òórùn ẹrẹ̀ yẹn kò tíì kúrò nímú mi. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, tí ọyẹ́ ṣì ń ta wá lẹ́nu, wọ́n á ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bo amọ̀ láti àná. Òórùn á wá jáde, ti ilẹ̀ pupa tó ti mu omi sùn, àti ti koríko tó ń rà nínú rẹ̀. Bí o bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á tutù wọ eegun. Bó bá ṣe díẹ̀, ẹsẹ̀ á gbóná, ẹrẹ̀ á máa gba àárín ìka jáde bí ẹ̀kọ tó ń gba etí ewé jáde, ọmọ tó wà lẹ́yìn mi á sì máa rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń fò sókè, tí mò ń fò sísàlẹ̀.

Inú agbo ilé ńlá la wà tẹ́lẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni ìyá mi àti àwa ọmọ rẹ̀ ń sùn, lábẹ́ òrùlé ewé gbodógì tó ti gbó. Bí òjò bá ń rọ̀, a ó máa ká ẹní kiri yàrá, a ó máa wá ibi tí kò jò. Nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ ilé tuntun tó ìyá mi. Kòkó ti ṣe dáadáa, bàbá mi ti ra páànù, ó tò ó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ìyá mi bá ń kọjá, á fi ọwọ́ pa páànù náà lára, bí ẹni ń fọwọ́ pa ewúrẹ́ aboyún lára.

Ibi tí bàbá mi yàn wà láàárín agbo ilé wa àti títì tí mọ́tò Àkúrẹ́ àti Adó ń gbà. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò rí ilé òun. Ó kọjú sí títì, ó kan èèkàn, ó ta okùn: yàrá mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ńlá kan níwájú. Ẹ̀yìn ilé, ó ní kí wọ́n dí i pa, kí olè má baà ríbi wọlé. Ohun kan tí kò ṣe ni pé kò bojú wẹ̀yìn. Òdìkejì títì ni odò wa wà, ọ̀nà rẹ̀ láti agbo ilé sì gba àárín okùn yẹn gan-an.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Àwọn ọkùnrin kì í gba ọ̀nà yẹn, apá ibòmíràn ni oko wọn wà. Ọ̀nà obìnrin àti ọmọdé ni. Ẹsẹ̀ àwọn ìyá ìyá wa ti gbẹ́ ẹ títí ó fi jin bí ọpọ́n. Bí ilé bá sì dí i, kò síbi tó rọrùn láti yà sí. Ẹ̀gbẹ́ kan, àpáta ńlá tó ń yọ̀; ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa amọ̀ ilé yẹn kan náà, ó ti di kòtò tó lè gbé ènìyàn mì.

Ọ̀wẹ̀ la fi ń mọ ilé nígbà náà. Ọkùnrin á wa amọ̀, ọmọdé á tẹ̀ ẹ́, obìnrin á pọn omi, onílé á bọ́ gbogbo ayé. Wọ́n á ṣu ẹrẹ̀ bí òkèlè ńlá, wọ́n á jù ú sí ọ̀mọlé, òun á máa tò ó. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó pe ọ̀wẹ̀ mìíràn. Ìyá mi kì í sì í pa ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn jẹ. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, á ru garawa rẹ̀, á ní, "Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

Ìpele kìn-ín-ní dé orúnkún. Àwọn ìyàwó ilé ru omi dé ibẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n ré e kọjá, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Bàbá mi dúró, ó ń wò wọ́n.

"Ọkọ wa, ẹ kú iṣẹ́ ulé o," ni èyí tó kéré jù nínú wọn wí. Ulé la ń pe ilé ní tiwa. "Ó mà ti ń ga o. Bó bá dé àyà, ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa gbé wa ré e kọjá?"

"Ẹ máa gba ẹ̀yìn àpáta," ni bàbá mi dáhùn. "Odò kò níí sá."

Ìyá mi gbọ́, ó gbé garawa rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tọrọ ilé lọ́wọ́ Ọlọ́run kì í bá ògiri jà.

Nígbà tí ìpele kejì gbẹ, ògiri ẹ̀yìn ti ga ju ohun tí aboyún tàbí arúgbó lè ré kọjá. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ìpele kẹta dé. Àwọn ọkùnrin ti wa amọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, àwa ọmọdé ti ká aṣọ sókè. Àwọn ìyàwó ilé kò bínú, wọn kò sì kọ ọ̀wẹ̀. Wọ́n ṣe ohun tí ọkọ wọn ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n gba ẹ̀yìn àpáta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń rìn, bí ẹni tó ru ẹyin. Oòrùn ti dé àtàrí kí garawa díẹ̀ tó wọlé. Ẹrẹ̀ tí a ń tẹ̀ gan lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ọ̀mọlé jókòó sórí ògiri, ó ń mi ẹsẹ̀.

"Àjàyí," ó pe bàbá mi, "ṣé erùpẹ̀ gbígbẹ la ó fi mọ ọ́n ni?"

Ẹlòmíràn yọjú sí ìdí ààrò, ó padà wá. "Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ kọ́ nìyí. Uṣu ti wà nílẹ̀ ní bíbó, kò sí omi tí wọ́n ó fi sè é. Ẹ jẹ́ á máa lọ, ká padà wá jẹ iyán òní lọ́la."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ìyá mi kò ṣeé wò. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ sópin. Bí òjò bá bá ògiri tí kò ní páànù lórí, yóò yọ́ padà di ẹrẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń pe ọ̀wẹ̀ ilé kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Àgbà ló jáde wá, ìyàwó bàbá bàbá mi, òun ló tọ́ bàbá mi dàgbà. Ó gbé ìkòkò kékeré rẹ̀ dání, òun àti òṣùká.

"Àjàyí, gbé e fún mi. Jẹ́ ká jọ lọ sódò. Ẹsẹ̀ mi kò gba àpáta mọ́."

Ta ní jẹ́ kọ̀ fún un? Bàbá mi gbé òṣùká lé orí lójú gbogbo ọ̀wẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn, tèmi tọmọ tí mo pọ̀n. Ní lílọ, ó ń yan. Ní bíbọ̀, ó dé orí àpáta, ẹsẹ̀ kan yọ̀, ìkejì tẹ̀ lé e, ó jókòó gbì. Omi dà á láti orí dé ẹsẹ̀, ìkòkò fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀rù bà mí. N kò rí i kí bàbá mi ṣubú rí.

Ìyá Àgbà wò ó. "Òótọ́ lo sọ," ó ní, "odò kò sá. Ìkòkò ló sá."

Bàbá mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi ń wúkọ́. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó dìde. "Dúró níbẹ̀ ná. Wo ulé rẹ láti ibí."

Ó wò ó. Ògiri pupa kan náà ni, láti àpáta dé etí kòtò, kò lójú, kò lẹ́nu, ó kẹ́yìn sí gbogbo wa. Ó pẹ́ kó tó mú ojú kúrò. Nígbà tó dìde, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó, ó bọ́ sáàárín àwọn ọ̀wẹ̀, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn, ó dojú kọ ògiri ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ọ̀kánkán ilẹ̀kùn iwájú. Ó gé e títí ọ̀nà fi là láti agbo ilé, tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó já sí títì, tó kọrí sódò.

Ọ̀mọlé bi í pé, "Olè ńkọ́?"

"Olè tó bá lè gba àárín àwọn obìnrin yìí kọjá," bàbá mi wí, "ẹ jẹ́ kó máa bọ̀."

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi dé lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyàwó ilé ń sáré, wọ́n ń dà á lé ẹrẹ̀, wọ́n ń dà á lé àwa náà lórí. A tẹ̀ ẹ́ títí a kò fi dá ara wa mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a tó jẹ iyán, tọwọ́-tẹrẹ̀, n kò sì tíì jẹ èyí tó dùn tó o.

Òjò àkọ́rọ̀ kò dúró dè wá ṣá. Káfíńtà ti kan páànù sí apá ọ̀tún, apá òsì ṣì ṣí sílẹ̀, bàbá mi wà lóko, nígbà tí ojú ọ̀run dúdú lọ́sàn-án gangan. Ìyá mi gbé ọmọ fún mi, ó sáré jáde. Kó tó dé ibẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ti wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ẹni tó ru ẹní ru ẹní, ẹni tó gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gé e, wọ́n ń gun ògiri bí ọmọkùnrin, wọ́n ń tẹ́ ewé lé e lórí, wọ́n ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó kéré jù, tó fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ níjọ́sí, tú ìró rẹ̀, ó fi bo orí ògiri yàrá ìyá mi, ó wà lórí ibẹ̀ pẹ̀lú tòbí. Ìyá Àgbà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọ̀pá júwe ibi tó kù. Òjò náà rọ̀. Igun kan ló yọ́ díẹ̀, ó ṣe ikùn síta, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe títí dòní. Lálẹ́, ìyá mi lọ ká gbogbo ẹní tó tutù yẹn jọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Nígbà tí a kó wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn di ti gbogbo ayé. Atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, páànù tó ń sun èèyàn nílé ẹlòmíràn kò sun wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni arúgbó ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi. Bí àlejò bá yìn ín, bàbá mi á ní, "Mo ti rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ pé atẹ́gùn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà." Ìyá mi á bojú wo ibòmíràn.

Ọmọ tó ń tẹ ẹrẹ̀ nígbà náà rò pé ìdùnnú ẹrẹ̀ nìkan ni. Èmi tí mo fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn lónìí ti rí i pé, láàárín ọ̀wẹ̀ ìpele kẹta sí òjò yẹn, mo rí bí ilé ẹnì kan ṣe di ti àdúgbò. Nígbà tí àkọ́bí mi fẹ́ kọ́lé sí Adó, tó ní bíríkì àti ògiri yíká lòun fẹ́, mo pe òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó. Mo ní n kò ní kí wọ́n má mọ ògiri. Mo ní kí wọ́n tó kan èèkàn, kí wọ́n lọ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n wo ibi tí àwọn obìnrin àti ọmọdé ń gbà. Mo ní, "Bí ilé yín bá dí ọ̀nà aládùúgbò, ẹ̀yin nìkan ni yóò sáré jáde lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú."