Ọmọ Màdámù Kì í Jẹ Adìyẹ

Òórùn etí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó ń rùn bí ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ike, tí wọ́n sì dé ọmọrí rẹ̀ pa. Nígbà náà, mo rò pé bí etí gbogbo ajá ṣe ń rùn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ ẹranko ni mo kà jáde ní yunifásítì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ekòló ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Bí ẹ bá bi mí nípa ìfun ekòló, màá ṣàlàyé títí ẹ ó fi sùn lọ. Ṣùgbọ́n ekòló kò ní etí.

Iṣẹ́ tí ìwé ẹranko yìí wá rí fún mi ni ike lílọ̀, ní ilé iṣẹ́ kan ní Oregun tí wọ́n ti ń ṣe korobá àti bútà. Ike tó bá ti fọ́, tí wọ́n ṣà jọ láti orí ààtàn, àwa tí a wà ní yàrá ẹ̀yìn la máa ń dà á sẹ́nu ẹ̀rọ kí ó lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n lè yọ́ ọ ṣe tuntun. Eruku rẹ̀ a máa bà lé wa lórí àti lọ́rùn títí a ó fi dà bí ẹni tó ń ta èlùbọ́. Apá mi méjèèjì sú, wọ́n pọ́n, wọ́n sì ń yún mi. Mo fi han alábòójútó wa. Ó wò ó fìrí, ó ní, "Fi àdín pa á." Àdín ni ìwòsàn gbogbo ohun tó bá ṣe òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, mo gbà pé àdín ni wọn ì bá kọ́kọ́ wá, kí wọ́n tó wá ọwọ́.

Lọ́jọ́ kan, Màdámù tó ni ilé iṣẹ́ náà wọlé tọ̀ wá. Kò wọ yàrá yẹn rí. Ó fi aṣọ bo imú, ó sì gbé ọmọ ajá funfun kan dání, irú àwọn ajá òyìnbó tí kì í ju ológbò lọ bó ti wù kí wọ́n dàgbà tó, tí irun bo ojú wọn bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ìkókó nílùú òyìnbó.

"Wọ́n ní ẹnìkan kàwé ẹranko nínú yín."

Alábòójútó fi ẹnu júwe mi.

"Ìwọ?" Màdámù wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "O kàwé ẹranko, o wá ń lọ ike?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Gbà. Bí mo bá dé, tí mo bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀, o ò ní wọ yàrá yìí mọ́. Ọ́fíìsì lo máa jókòó sí. Àmọ́ bí irun kan bá dín lára ọmọ mi..."

Kò parí rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ kì í sábà parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún láti bá wọn parí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó yé yín bí ó ṣe rí lára mi. Inú mi dùn. Ẹ̀rù sì bà mí. Ojú tì mí pé ajá ló fẹ́ ṣe ohun tí ìwé ẹ̀rí mi kò lè ṣe, inú sì tún ń bí mi sí ara mi pé inú mi dùn. Nígbà tí mo fi ro gbogbo èyí tán, ajá náà ti tọ̀ sí mi láyà.

Ẹ̀yìn Dópẹ̀mú ni mo ń gbé nígbà náà, nínú ilé ńlá kan tí ayálégbé kún fọ́fọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi sọ ajá náà ní Ọmọ Màdámù, tí wọ́n sì sọ mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajá. Màdámù ti kó oúnjẹ rẹ̀ fún mi nínú àpò ńlá. Àwòrán adìyẹ wà lára àpò náà, adìyẹ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé ó dùn mọ́ ọn pé òun di oúnjẹ ajá. Ìyá Onílé, Àlàájà ará Ògbómọ̀ṣọ́, kì í jẹ́ kí ajá náà sún mọ́ òun nítorí àlùwàlá, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ló ń ju ẹran adìyẹ sí i láti òkèèrè. "Ẹ̀dá Ọlọ́run ni," á wí, "láádá wà níbẹ̀." Ìyá Wòlíì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, tó ń dín ọrùn àti ẹsẹ̀ adìyẹ tà ní oríta, náà a máa kó èyí tó bá ṣẹ́kù fún un. Mo ń wò, mo ní ajá yìí ń jẹ ayé ju èmi lọ. Àṣé ayé ló ń jẹ ajá.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lá. Ó ń lá a bí ẹni ń lá oyin, títí irun funfun ibẹ̀ fi pọ́n bí ìpẹtà. Lẹ́yìn náà ló ń gbọn orí, tó ń fi ojú yí ẹní, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ ìhà. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ tí mo yẹ ikùn rẹ̀ wò, ó pọ́n, ó gbóná, ó sú bí apá tèmi gẹ́lẹ́. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ń re. Bí Màdámù bá pè lórí fóònù pé òun fẹ́ rí ojú ọmọ òun, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí irun ṣì wà ni mo máa ń yí sí i.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Wẹ́dà iwájú ilé wa ní kí n fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lára ẹ́ńjìnnì kùn ún. Ìyá Wòlíì ní ọfà ọ̀tá ni, wọ́n ta á sí Màdámù, ajá ló bá a gbà á. Ó gbàdúrà, ó bu omi ìyàsímímọ́ wọ́n ọn, ó sì fún un ní ẹsẹ̀ adìyẹ kan kí ó fi tu ara nínú. Èmi tí mo kàwé, ọṣẹ apakòkòrò ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ tó ni ara rẹ̀ ń bó tó. Mo sunkún. Mi ò mọ̀ bóyá ajá ni mo ń sunkún nítorí rẹ̀ tàbí ọ́fíìsì.

Nígbẹ̀yìn, mo gbé e lọ bá dókítà ẹranko kan lọ́nà Agége, obìnrin kan tí kò ní sùúrù fún àlàyé gígùn, bẹ́ẹ̀ àlàyé gígùn nìkan ni mo ní.

"Kí ló ń jẹ?"

"Oúnjẹ gidi ni, mà. Oúnjẹ ajá aládìyẹ."

"Kí tún ni?"

"Adìyẹ tí Ìyá Onílé wa ń jù sí i."

"Kí tún ni?"

"Ẹsẹ̀ adìyẹ, mà."

"Kí lo fi ń wẹ̀ ẹ́?"

"Ọṣẹ apakòkòrò, mà. Láràárọ̀."

Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ajá ni, àbí ilẹ̀ ilé ìwòsàn?"

Ó fi ìyarun olójú wíwẹ́ tú irun rẹ̀ wò, kò rí eégbọn. Ó ha awọ rẹ̀ díẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ẹ̀rọ, kò rí kòkòrò. Ó ní ara ajá náà ń kọ nǹkan kan ni, adìyẹ lòun sì fura sí. Kí n fi ọṣẹ sílẹ̀. Kí n máa fi omi lásán fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá ti ìta wọlé, kí n sì nù ún gbẹ. Ó fún mi ní oògùn etí. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹja tí mo ti yọ egungun rẹ̀ àti ọ̀dùnkún sísè nìkan ni kó máa jẹ, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, láìsí ata. "Bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní adìyẹ, bó ṣe wù kó kéré tó, àtìbẹ̀rẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀." Ó wá wo apá mi. "Ìwọ náà ńkọ́?"

"Iṣẹ́ ni, mà."

"Ó yẹ kí dókítà wò ó. Kí o sì kúrò nídìí ohun tó ń fà á."

"Mà, èmi kì í ṣe ajá Màdámù."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo délé, mo pe gbogbo ilé jọ sí àgbàlá. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣọ́ ara, pé àwọn ọmọ ogun inú ajá yìí ṣi adìyẹ mú bí ọ̀tá, ogun tí wọ́n ń bá a jà ló ń yún un.

"Ọmọ ogun?" ni Ìyá Onílé wí. "Nínú ajá tó tó báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju adìyẹ sí i mọ́."

"Ṣé mo fi májèlé sí i ni?"

"Rárá o, mà, ara rẹ̀ ni..."

"Àbí láádá mi lo fẹ́ gbà mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ìyá Wòlíì ti dìde. "Ẹsẹ̀ adìyẹ tí gbogbo Dópẹ̀mú ń jẹ tí wọ́n ń lá ìka, òun lò ń sọ pé ó ń pa ajá? Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọjà mi lo fẹ́ bàjẹ́!"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ oúnjẹ ọwọ́ ènìyàn ti fẹ̀sùn kàn án nìyẹn, ì báà jẹ́ lẹ́nu ajá. Wọn ò dá mi lóhùn ìkíni mọ́. Mo kọ ọ́ sára páálí, mo so ó mọ́ ajá lọ́rùn: "Ẹ má fún mi ní adìyẹ." Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fún un ní adìyẹ. Ikùn rẹ̀ tó ti ń rọlẹ̀ tún pọ́n. Màdámù sì ti pè pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde síta, mo bá Ìyá Onílé tó na ọwọ́, itan adìyẹ ń bẹ níbẹ̀, Ọmọ Màdámù dúró lórí ẹsẹ̀ méjì níwájú rẹ̀. Gbogbo àlàyé tí mo ní ló tán lẹ́nu mi. Mo kígbe:

"Èèwọ̀ ni! Èèwọ̀ rẹ̀ ni adìyẹ!"

Ìyá Onílé fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Èèwọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Láti ilé bàbá rẹ̀, mà."

"Sùbùánáláì!" Ó ju itan náà sẹ́yìn ògiri. "Kí ló wá dé tí o ò sọ ọ̀rọ̀ gidi látọjọ́ yìí, tó o ń sọ fún wa pé sójà ń bẹ nínú ajá? Ilé tiwa, a kì í jẹ ẹyẹlé. Ẹ̀gbọ́n mi kan jẹ ẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ló wú."

Ọ̀nà kan ò wọjà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé di ọlọ́pàá. Bí ọmọdé bá mú adìyẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, igbe á ta. Ìyá Wòlíì gan-an ń fi ìdérí bo abọ́ rẹ̀ bó bá ń kọjá, ó ní òun náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, òun mọ bí ó ṣe máa ń rí. Wẹ́dà bi mí pé ìdílé wo ni ajá náà ti wá. Mo ní ìdílé ńlá ni. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù, etí ṣíwọ́ òórùn, ẹsẹ̀ funfun padà. Nígbà tí dókítà ní ká fún un ní adìyẹ díẹ̀ wò kó lè dá wa lójú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ṣe é, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn títì, kí ará ilé wa má bàa gbọ́. Ìyún náà padà, ó sì tún lọ nígbà tí a dá adìyẹ dúró. Ó dá wa lójú.

Màdámù dé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń yan aṣọ lọ́jà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí wọ́n gbé adìyẹ sísun wá. Mo sọ ohun tí dókítà wí.

"Dókítà?" ó wí. "Àwọn dókítà náà ló ní kí èmi má jẹ iyọ̀." Ó ti ya ẹran náà.

"Èèwọ̀ rẹ̀ ni, mà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Obìnrin tí kì í wọ bàtà nínú sùtánà nìyẹn, tí kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀. Ó rọra gbé ẹran náà padà sínú àwo. "Àṣé," ló wí, "àṣé ìdí tí etí rẹ̀ fi ń rùn lọ́dọ̀ mi nìyẹn."

Ó wá yíjú sí mi. "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Máa lọ. Wọ́n ń dúró dè ẹ́ ní ẹ̀yìn."

"Ní ọ́fíìsì, mà?"

"Ọ́fíìsì kẹ̀? Ibẹ̀ kún. Tí àyè bá yọ."

Mo fi apá mi hàn án. Ó ní kí n fi àdín pa á. Àwọn àgbà ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rù bà mí, inú sì ń bí mi pé ó rántí èèwọ̀ ajá, kò rántí àdéhùn mi. Ẹnu mi ló sáré jù mí lọ.

"Mà, èèwọ̀ ìdílé wa ni. A kì í lọ ike."

Ó wò mí. Ó wo apá mi. Ó wo ajá.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá bàbá mi, mà."

Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó ní òun ò fẹ́ kí ohun ìdílé olóhun ṣẹlẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ òun, kí wọ́n wá àga fún mi ní ọ́fíìsì. Àyè yọ.

Èyí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà dé yàrá ẹ̀yìn kí n tó jókòó dáadáa. Kí oṣù tó parí, kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí ike lílọ̀ kò di èèwọ̀ ìdílé rẹ̀. Ti ọ̀kan wá láti ìdí ọdẹ, ti ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tó ti Ábá wá ní àwọn náà ní tiwọn, pé òun ò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Yorùbá ni. Alábòójútó tó ń fún wa ní àdín tún wá rántí pé ilé tiwọn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Màdámù bínú, ó gbàdúrà, ó tún bínú. Nígbẹ̀yìn, ó ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ń fa eruku jáde láti inú yàrá náà, ó ra ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ gígùn, ó sì pe wòlíì rẹ̀ kí ó wá tú èèwọ̀ náà. Wòlíì tú u. Ìyún náà sì lọ sílẹ̀. Màdámù ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ṣì wà ní ọ́fíìsì náà. Apá mi ti dán. Nígbà mìíràn, Màdámù a mú ajá náà wá, tó ti dàgbà báyìí, á sì wá sùn lábẹ́ tábìlì mi. Bí ẹnìkan bá ń jẹ adìyẹ nítòsí, a jọ máa ń gbójú sókè. Mo máa ń rò pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́, mo sì máa ń rò pé kò yẹ, ọkàn mi kì í sì í dúró síbì kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń fa eruku láti ẹ̀yìn, bàbá bàbá mi ni mo máa ń rántí. Àgbẹ̀ ni. Igbá ló fi ń bu omi títí ó fi kú; ike kò tíì dé abúlé wa nígbà náà. Òun ló ra ẹ̀rọ náà fún wa.