Irin Tí Bàbá Mi Fi Síná

Òórùn èédú àti ti irin gbígbóná ni mo fi mọ ilé wa ní Oníyanrìn. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí i. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin wá lọ kàwé nípa irin ní yunifásítì, inú Bàbá sì dùn ju bí mo ṣe lérò lọ. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé iṣẹ́ ìdílé náà ni mo ń ṣe, pé èmi kàn ń ṣe tèmi nínú yàrá tó ní fáànù ni. Èmi náà ò kẹ̀rẹ̀. Mo máa ń wọ kóòtù funfun tí a fi ń ṣiṣẹ́ gba inú Ọjà'ba wálé nínú ooru, kí gbogbo ayé lè rí mi.

Iṣẹ́ mi nígbà náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí èèyàn bá wo inú irin líle dáadáa, hóró hóró ló wà, bí iyọ̀. Bí àwọn hóró náà bá ṣe ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni irin náà ṣe ń lágbára sí i. Ẹ̀rọ ńlá kan la fi ń ti ọ̀pá irin gba inú ihò tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Bó bá jáde, a ó tún dá a padà síbẹ̀ léraléra, títí àwọn hóró náà yóò fi rún wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àgbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀." Ohun tí kò wá sí mi lọ́kàn láti fi kún un ni pé irin bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ iná. Bí iná bá ti mú un, àwọn hóró náà yóò tún wú, agbára rẹ̀ yóò sì lọ.

Ọ̀pá kan ṣoṣo ló kù mí kù fún ìdánwò ìkẹyìn, ẹ̀rọ tí a fi ń tì í sì ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ ìdánwò, wọn yóò fa ọ̀pá náà títí yóò fi já, ká lè mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Mo fẹ́ kí Bàbá rí i kó tó já, ni mo bá mú un wálé. Ó gbà á, ó fi èékánná ta á, ó fetí sí i. Mo fi í sójú fèrèsé, mo lọ kí àǹtí mi kan ní Kudeti.

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá jókòó sẹ́nu àgbẹ̀dẹ, ó na aṣọ kan sí mi. Ọ̀bẹ ló wà nínú rẹ̀. Nílé wa, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, bàbá rẹ̀ ló ń rọ ọ̀bẹ tí yóò mú lọ. Bàbá ní ìwé ni ọkọ tí òun rí pé mo fẹ́, irin tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló sì yẹ kí òun fi rọ tèmi.

Omi bọ́ lójú mi. Ó kọ́kọ́ rò pé ayọ̀ ni.

"Àbí mo bà á jẹ́ ni?"

"Iná ni, Bàbá. Kò gbọdọ̀ rí iná."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé irin kan wà tí kì í fẹ́ iná. Má bínú, ọmọ mi." Bàbá mi ló ń bẹ̀ mí yẹn.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo gba ìwé ẹ̀rí mi. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé láti ọjọ́ náà, Bàbá ò fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ tèmi mọ́ láìtọrọ àyè. Bí mo bá gbé báàgì sílẹ̀, yóò yà fún un. Mo fi ṣàwàdà, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Yóò ní, "Kò sí wàhálà," yóò sì kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí mo gbé àkọ́bí mi wálé, gbogbo agbo ilé ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá ló bi mí, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀, "Ṣé mo lè gbé e?"

Ó gbé e, ó ṣàdúà fún un. Bàbá ti lọ báyìí. Mo ti ṣe irin tó lágbára ju ìyẹn lọ fíìfíì, mo sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bó bá ṣeé ṣe, ǹ bá kó gbogbo irin náà síná, kí Bàbá má tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.