Omi Adágún tí Sekendar Fi Ń Fọ Pọ́ǹpù

Ní ọdún kejì tí Sekendar Gazi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbàgbé aṣọ ìnura rẹ̀ sínú ikùn pọ́ǹpù panápaná, ó sì de bóòtì pa lé e lórí. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, pọ́ǹpù náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, omi kọ̀ kò jáde, aṣọ pupa wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹnu rọ́bà níṣojú ọ̀gá àgbà. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí lóde òní a máa sọ pé lungi rẹ̀, ìyẹn ìró tí ọkùnrin ń ró mọ́dìí, ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lungi rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Aṣọ ìnura èjìká ni. Mo kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ rẹ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Ilé iṣẹ́ júùtù ni, ní Khulna, létí odò Bhairab. Júùtù ni òwú tí wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ, ó sì máa ń tètè gbiná; eruku rẹ̀ nìkan tó láti jó ilé. Ìdí nìyí tí pọ́ǹpù ńlá kan fi wà létí odò, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa dúró de ọjọ́ iná. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Sekendar fi tọ́jú rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, á tàn án, á wo géèjì tó ń wọn agbára omi, á sì pa á. Odò wa máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a sì máa jẹ irin. Nítorí náà, bó bá ti dán an wò tán, á fa rọ́bà kúrò nínú odò, á jù ú sínú adágún tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, á sì fi omi dídùn fọ inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò fo ọ̀sẹ̀ kan rí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kú, láti itẹ́ òkú ló ti lọ fọ̀ ọ́.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, orúnkún sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ààwẹ̀ ti wọlé tán nígbà tí ìwé dé pé àwọn ọ̀gá panápaná ń bọ̀ wá yẹ pọ́ǹpù wò ní Ọjọ́bọ̀. Géèjì gbọ́dọ̀ kan mẹ́fà. Bí kò bá kan án, wọ́n lè ti ilé ìkẹ́rù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa, ẹgbẹ̀ta òṣìṣẹ́ á sì jókòó sílé títí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ á fi kọjá. Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn, géèjì kan mẹ́rin, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, òun àti Nirapada Mondol, wẹ́dà ilé iṣẹ́ náà tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, tú u. Wọ́n yọ bóòtì mẹ́rìndínlógún, wọ́n sì fi ṣéènì gbé ìdajì òkè kúrò. Ọ̀pá rẹ̀ dára. Okùn ọlọ́ràá tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ti gbó, ìyẹn kò tó nǹkan. Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ju omi ni ọ̀rọ̀ wà. Ihò ti wà lórí ihò lára rẹ̀ bí afárá oyin, bẹ́ẹ̀ kò ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi í síbẹ̀.

“Gazi, ṣé o máa ń fọ nǹkan yìí rárá?” ni Nirapada wí.

“Má bá mi ṣàwàdà lónìí, ọ̀fun ń gbẹ mí.”

“Àwàdà kọ́. Wò ó, ó dà bí eyín bàbá àgbà tó ti fi gbogbo ayé jẹ ewé páànù tó ń ba eyín jẹ́.”

“Gbogbo Sátidé ni mò ń fọ̀ ọ́! Omi adágún ni mo fi ń fọ̀ ọ́.”

Nirapada wò ó díẹ̀. “Ìgbà wo lo tọ́ omi náà wò kẹ́yìn?”

Wọ́n jọ rìn lọ sídìí adágún. Sekendar ń gbààwẹ̀, kò lè fẹnu kàn án, ó sì yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ tí kì í ṣe Mùsùlùmí.

“Ẹnu mi lo fẹ́ yá lónìí, àbí?” Nirapada fi ọwọ́ bu omi, ó gbé e sẹ́nu, ó tu ú. “Iyọ̀! Bí mo bá fi se ìrẹsì, mi ò tún ní bu iyọ̀ sí i.”

Wọ́n wo òdìkejì ògiri ilé iṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn kan ti gbẹ́ adágún edé síbẹ̀, tí wọ́n sì ń darí omi odò sínú rẹ̀, nítorí edé fẹ́ràn omi oníyọ̀. Omi yẹn ti gba abẹ́ ilẹ̀ wọnú adágún ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Láti ìgbà náà ni Sekendar ti ń fi iyọ̀ fọ iyọ̀, láìfo ọ̀sẹ̀ kan, tó sì ń fi í sílẹ̀ nínú irin títí di Sátidé mìíràn.

Ní àkókò ìṣínu, ó bi Jobeda ìyàwó rẹ̀ léèrè.

“Ṣé o mọ̀ pé omi ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ti níyọ̀?”

“Ta ni ò mọ̀? Kí lẹ rò pé mo ń rìn dé ẹnu ẹ̀rọ omi ọ̀nà ńlá fún láti ọjọ́ yìí, eré ìdárayá?”

“O ò sì sọ fún mi.”

“Mo sọ, ẹ ti ń hanrun nígbà yẹn. Àti pé ta ló mọ̀ pé pọ́ǹpù yín ń mu omi dídùn? Kó wá tò sórí ìlà pẹ̀lú wa nígbà náà.”

Sekendar kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ èso dábínù kan fún ìgbà pípẹ́.

Abẹ̀bẹ̀ tuntun kò lè ti Dhaka, olú ìlú, dé ṣáájú ọdún. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tún ògbólógbòó ṣe; àwọn tó ń pè é ní ọjọ́ márùn-ún kò mọ kàlẹ́ńdà. Nirapada yọ́ idẹ sínú àwọn ihò náà. Sekendar jókòó sórí àpótí, ó ń fi ayùn ìrin-nǹkan rin ín kó lè dán. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sórí ọ̀pá tó tẹ́ lórí irin pẹlẹbẹ méjì, ó wo apá tó wúwo jù tó máa yí lọ sísàlẹ̀, ó rin ibẹ̀ díẹ̀ sí i, ó tún gbé e. Bí òùngbẹ bá gbẹ Nirapada, ẹ̀yìn ògiri ló ń lọ mumi.

“Mu ún níbí. Mi ò ní kú.”

“Ojú rẹ ni mò ń sá fún, kì í ṣe Ọlọ́run rẹ.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n tan pọ́ǹpù. Géèjì kan márùn-ún ààbọ̀. Tofazzel, ọ̀gá ilé ìkẹ́rù, wá dúró tì wọ́n. Mistiri, ìyẹn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ni wọ́n ń pe Sekendar.

“Mistiri, ẹ má ṣí fáàfù tán lọ́la. Bẹ́ ẹ bá ṣí i dé ìdajì, géèjì á gòkè fúnra rẹ̀.”

Òótọ́ ni. Bí omi kò bá rọ́nà jáde dáadáa, géèjì á gòkè.

“Ọ̀gá, bí iná bá ṣẹ́ yọ, ṣé ìdajì la máa ṣí?”

“Ẹ rántí ẹgbẹ̀ta ènìyàn, ẹ jọ̀ọ́.”

“Àwọn náà ni mò ń rántí. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́.”

Ní Ọjọ́bọ̀, Sekendar ṣí fáàfù tán. Kó tó di pé ọ̀gá panápaná béèrè, ó ti sọ fún un pé márùn-ún ààbọ̀ ni, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ adágún. Ọkùnrin náà wọn bí omi ṣe ga tó. Omi dé òrùlé ilé ìkẹ́rù méjì, kò dé ti ẹ̀kẹta tó ga jù. Ẹ̀kẹta nìkan ló tì pa, títí abẹ̀bẹ̀ tuntun á fi dé. Ọkùnrin méjìlélógójì ni ilé náà ń bọ́.

Láti ọjọ́ náà, àwọn kan kì í dáhùn bí Sekendar bá kí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ ọdún, Lokman, ọ̀kan nínú àwọn méjìlélógójì náà, pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

“Mistiri, ẹ bá mi kí fáàfù yín. Ẹ ní mo ní ó kú ọdún o.”

Sekendar dúró títí Lokman fi kọjá.

“Ẹ ò wá lè purọ́ kékeré yẹn?” ni Jobeda bi í nílé.

“Ó rẹ̀ mí, Jobeda. Gbogbo Sátidé ni mi ò bá tún máa pa irọ́ náà.”

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ọdún ni abẹ̀bẹ̀ tuntun dé. Òun àti Nirapada fi í sí i, géèjì kan méje, wọ́n ṣí ilé ìkẹ́rù kẹta, àwọn méjìlélógójì náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fa páìpù láti ẹnu ẹ̀rọ ọ̀nà ńlá wá fún fífọ pọ́ǹpù. Lokman kò tọrọ àforíjì. Sekendar náà kò retí rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ló ń rò. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀wé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n sì gbà fún un.

Mo gbọ́ nípa rẹ̀ kẹ́yìn ní ìgbà òtútù tó kọjá. Ó ń gbé pẹ̀lú Jobeda nílé ọmọ wọn obìnrin ní Jashore, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin.