Ẹ̀rọ Náà Kò Mọ Iyanrìn

Ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n rìn ju Zinsu lọ, ohun tó sì ń bí i nínú gan-an nìyẹn. Wọ́n á fi bẹ́líìtì gbé e kọ́ láti àyà, wọ́n á de ẹsẹ̀ ọ̀tún tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú láti ọdún mẹ́rin mọ́ apá irin, mọ́tò ẹ̀rọ náà á wá máa gbé ẹsẹ̀ náà lọ, gbé e bọ̀. Démọ́lá, ọmọ Èkìtì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní ọsibítù ìjọ, á ní, "Bàbá, ẹ ń gbìyànjú." Ìyànjú wo? Irin ló ń gbìyànjú.

Síbẹ̀, Zinsu kò yéé sọdá ọ̀sà lọ síbẹ̀. Nínú ìdílé wọn ní Gberefu, ẹni tó ni ọkọ̀ àti àwọ̀n ló ń kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ wọnú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ jáde sókun lọ́dún. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá a jókòó, Sagbo, ìbejì rẹ̀, ló ń gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ náà dípò rẹ̀. Àwọn kan ti ń kí Sagbo ní ọlọ́kọ̀. Zinsu ń gbọ́, ó sì ń dùn ún wọra.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ wá ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀ ni bẹ́líìtì mọ́tò ẹ̀rọ náà já. Kò sí òmíràn. Àwọn sọ́jà tó gbàjọba ti sé ọjà òkèèrè mọ́ wa, mílíìkì ọmọ gan-an di àwárí. Ẹ wo ìjọba tó ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò lórí ìlà, tí kò jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ dúró rí ohun tí yóò fi dúró! Démọ́lá wá bẹ́líìtì títí ó fi sú u, ó wá fún Zinsu ní ọ̀pá.

Lórí sìmẹ́ńtì ọsibítù, ọ̀pá náà ṣiṣẹ́. Ọjọ́ ìjáde sókun pé. Morìnsọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ní, "Ẹ jẹ́ kí Sagbo pọ̀n yín dé etí omi."

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?"

Gbogbo wọn ló gbàgbé iyanrìn. Bó ṣe fi ọ̀pá dé etí òkun, ọ̀pá rì, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, Zinsu dojú bolẹ̀ lójú gbogbo ará abúlé. Ojú tì í, inú bí i débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Sagbo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Gùn mí lẹ́yìn, jọ̀ọ́."

"Kúrò níwájú mi. Ẹ wọ́ ọkọ̀ náà wá síbí."

Wọ́n wọ́ ọ wá. Zinsu jókòó sórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára di ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mú, ó gbé e jù sínú ọkọ̀ bí ẹni ju ẹrù. Ó mí kanlẹ̀, ó wá wojú Sagbo.

"Ó kàn ẹ́."