Ọjọ́ Tí Bàbá Jámánì Bá Mi Lọ Sílé Ìwé Ọmọ Mi

Kọfí tó jóná ni mo máa ń kọ́kọ́ gbóòórùn tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ilé Bàbá Jámánì ní Duluth, l'Amẹ́ríkà níbí. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn sè é, bẹ́ẹ̀ ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ wọn obìnrin ló mú wọn wá láti Jámánì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nígbà tí ìyàwó wọn kú, èmi ló sì gbà síṣẹ́ kí n máa tọ́jú wọn láàárọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo pè wọ́n ní Dádì, wọ́n ní àwọn kọ́ ni bàbá mi. Mo ní, “Ẹ fara balẹ̀ o. Níbi tí mo ti wá, ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Bí mo bá ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n máa ń sọ ìtàn ara wọn. Tíṣà ni wọ́n, nílùú kan tó kún fún ilé iṣẹ́ irin. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, ọmọ ò ní tíì gbọ́n tán tí wọ́n á ti pín wọn: àwọn kan á gba ọ̀nà yunifásítì, àwọn yòókù á gba ọ̀nà ilé iṣẹ́, ọmọ òṣìṣẹ́ kì í sì í sábà bọ́ sápá àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wọn, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù, orí rẹ̀ pé gan-an, síbẹ̀ wọ́n tì í sápá kejì. Ìyẹn ló bí Bàbá nínú tí wọ́n fi wọ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, àwọn social democrats, tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn kiri láti tọrọ ìbò. Wọ́n fìdí rẹmi, wọ́n tún jáde, wọ́n wọlé. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ má pín àwọn ọmọ kéékèèké. Wọn ò rí i gbà.

Ká sòótọ́, ọ̀rẹ́ mi, mi ò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ta ló rí irú olóṣèlú bẹ́ẹ̀ rí? Mo ní, “Dádì, ilé alájà mélòó lẹ kọ́?” Wọ́n ní ilé ayálégbé làwọn gbé títí àwọn fi fẹ̀yìn tì. Mo ní ó mà ṣe o.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá náà ni ọmọ mi obìnrin dé láti Ìbàdàn. Ìyá mi ló tọ́ ọ, ó sì tọ́ ọ dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí nílé ìwé pé àwọn fẹ́ gbé e lọ sí kíláàsì àwọn tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tí àwọn bi í, ó kàn ń wolẹ̀ ni, kò fọhùn. Ọmọ tó ń gba ipò kìíní nílé! Àmọ́ kí ni mo rí sọ? “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù.” Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Òbí wa kì í bá tíṣà jiyàn, wọ́n á tún ní kí tíṣà bá àwọn na ọmọ sí i ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹkún ni mo fi ń fọ abọ́ lọ́dọ̀ Bàbá. Wọ́n bi mí, mo rò fún wọn.

“Kí ló dé tí kò wo ojú wọn?”

“Ẹ̀n, àgbà ni wọ́n! Ṣé kó máa ranjú mọ́ àgbà bí ẹni fẹ́ bá wọn jà ni?”

Wọ́n ní, “Ṣé àwọn tíṣà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

Mo ní wọn ò lè mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ sọ fún wọn. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ni Bàbá bá ní kí n bá àwọn mú kóòtù òtútù wọn wá, àwọn á bá mi lọ.

Lọ́nà ilé ìwé, mo ti fọkàn balẹ̀ pé Bàbá á sọ̀rọ̀ bí olóṣèlú, kí n fi ẹ̀yìn wọn forí pamọ́. Àfi bí wọ́n ṣe jókòó níwájú ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n ní, “Ìyá ọmọ ló fẹ́ sọ̀rọ̀.” Háà! Mo wò wọ́n bí ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: pé lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó wolẹ̀ níwájú àgbà ló ní ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ìwé ní àwọn ò mọ̀, kí àwọn tún bi í léèrè lójú mi. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ mi wá, mo kọjú sí i.

“Gbójú sókè. Wò wọ́n lójú, kó o dá wọn lóhùn.”

“Mọ́mì, ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ àfojúdi?”

“Kì í ṣe àfojúdi níbí, ọmọ mi. Mo fún ẹ láyè.”

Ó gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ ń fọhùn jẹ́jẹ́, nígbà tó yá ara rẹ̀ yá, ìṣirò, ìwé kíkà, gbogbo rẹ̀ ló ń dáhùn, títí wọ́n fi ní ó tó. Wọn ò gbé e lọ síbì kankan mọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Nínú mọ́tò, omijé ń dà lójú Bàbá. Mo ní, “Dádì, a borí, ẹ wá ń sunkún.” Wọ́n ní ní gbogbo ọjọ́ ayé àwọn nílé ìgbìmọ̀, ọmọ kan ṣoṣo báyìí tí wọn ò ní pín làwọn ń fẹ́ rí, àwọn ò sì rí i rí.

Bàbá ti sùn báyìí, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Tí ẹni tuntun bá dé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ń pè é, èmi ni wọ́n ń wá. Mo máa ń bá wọn lọ, mo máa ń jókòó, màá ní ìyá ọmọ ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bá a ṣe ń jáde. Ó ní, “Aunty, àbí ẹ̀yin náà ti di olóṣèlú ni?” Mo lanu láti sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo pa á dé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.